Páì àti Oúnjẹ Kékeré Nínú Ọkọ̀-Ilé Tí Kò Ní Ófùnù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọkọ̀-ilé ni mo ń pe ọkọ̀ tí èèyàn ń wà kiri, tí ó ń sùn sínú rẹ̀, tí ó sì ń dáná níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju ojú gáàsì méjì tàbí mẹ́ta lọ, wọn kò sì ní ófùnù rárá. Ẹni tó fẹ́ràn páì á rò pé ó di ọjọ́ tí òun bá padà délé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe páì lórí ojú gáàsì kan ṣoṣo, àwọn ìbéèrè tí àwọn tó bá mi jẹ nínú rẹ̀ máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí.

Ṣé páì tí a ṣe láìsí ófùnù lè jẹ́ páì gidi?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ófùnù ń ṣe fún yín. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe pọ̀: ó ń mú ohun inú páì jinná, ó sì ń fi ooru gbígbẹ yí èèpo (ìyẹn fùláwà tó bo páì) ká, lókè àti nísàlẹ̀, títí èèpo á fi gbẹ tí á sì pọ́n. Iṣẹ́ kejì yìí ni ojú gáàsì kò lè ṣe, nítorí ìsàlẹ̀ nìkan ni iná rẹ̀ ti ń wá. Bí ẹ bá sì dé ìkòkò, oru omi á gbá jọ sábẹ́ ọmọrí. Oru omi nínú ìkòkò lásán kì í ju 100°C lọ, bẹ́ẹ̀ fùláwà kì í pọ́n dáadáa àfi tí ooru rẹ̀ bá tó nǹkan bíi 140°C. Ìdí nìyẹn tí òkè páì inú ìkòkò fi máa ń funfun tí ó sì ń rọ̀, bó ti wù kó pẹ́ lórí iná tó.

Nítorí náà, ẹ ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ se ohun inú páì tán pátápátá kí ó tó fojú kan fùláwà. Iṣẹ́ èèpo nìkan ló máa kù, páànù sì lè ṣe ìyẹn bí a bá rí ọ̀nà yí èèpo padà kí ojú rẹ̀ méjèèjì lè kàn án. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ kan yìí ló dúró lé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Irú páì wo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Páì tí a ń ká sí méjì, tí ó rí bí ìlàjì òṣùpá. Ó kéré, ó fẹ́lẹ́, ó ṣeé yí padà, ojú rẹ̀ méjèèjì ló ń kan páànù gbígbóná. Páì tó bá ṣeé yí padà kò nílò ooru láti òkè.

Fún mẹ́rin: fùláwà gíráàmù 200, bọ́tà tutù gíráàmù 100, iyọ̀ díẹ̀, omi tutù ṣíbí ìjẹun 3 sí 4. Tí kò bá sí òṣùwọ̀n nínú ọkọ̀, ẹ wo bébà tí wọ́n fi di bọ́tà; wọ́n sábà máa ń fa ìlà sí i lára tó ń fi gíráàmù hàn. Ìlọ́po méjì ìwọ̀n bọ́tà ni ìwọ̀n fùláwà.

Ẹ gé bọ́tà wẹ́wẹ́ sínú fùláwà, kí ẹ fi orí ìka fọ́ ọ pọ̀ títí á fi rí bí iyanrìn. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe é, àtẹ́lẹwọ́ máa ń gbóná, bọ́tà á yọ́. Ẹ wá máa wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró ní kété tí ó bá ti so pọ̀. Omi àpọ̀jù àti pípò àpọ̀jù ló ń mú èèpo páì le bí awọ. Ẹ fi ọ̀rá dì í, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 30.

Igi tí a fi ń yí fùláwà kò pọn dandan. Ìgò tó mọ́ ti tó. Ẹ yí i títí á fi fẹ́lẹ́ tó mìlímítà 3, ẹ fi àwo kékeré tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 gé e róbótó. Ẹ bu ohun inú rẹ̀ tó ti tutù sí apá kan, kó má ju ṣíbí ìjẹun 2 lọ, ẹ fi omi ra etí rẹ̀, ẹ ká a, kí ẹ sì fi ẹnu fọ́ọ̀kì tẹ etí náà yíká. Mo tẹnu mọ́ “tó ti tutù” yẹn. Ohun inú páì tó bá ṣì gbóná á ti yọ́ bọ́tà inú èèpo kí iná tó dé ibẹ̀, èèpo á ya, omi rẹ̀ á dà sínú páànù, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Páànù tó wúwo ni kí ẹ lò, òróró tó kàn ra ìdí páànù, iná kékeré. Ìṣẹ́jú 7 sí 8 fún ojú kan. Ẹ dé e fún bí ìṣẹ́jú 4 àkọ́kọ́ kí ooru lè wọ inú èèpo, kí ẹ wá ṣí i kí oru lè jáde. Tí ẹ bá fi èékánná kàn án lórí tí ó dún kó-kó, ó ti jinná.

Kí ni kí n fi sínú rẹ̀?

Ohunkóhun tó ki. Ohun tó bá ṣàn ni ọ̀tá èèpo páì. Ẹran lílọ̀ ló yá jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jinná dé 71°C kó tó wọ inú fùláwà, ẹran adìyẹ dé 74°C. Ẹja inú agolo tí a ti ro omi rẹ̀ kúrò dára, olú tí a dín títí omi rẹ̀ fi gbẹ dára, wàràkàṣì pẹ̀lú àlùbọ́sà náà dára. Fún páì dídùn, ẹ gé èso ápù wẹ́wẹ́, ẹ fi ṣúgà àti bọ́tà díẹ̀ sè é títí á fi rọ̀ tí omi rẹ̀ á sì fà tán. Ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù lánàá ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí: ó ti tutù, adùn rẹ̀ sì ti wọra. Tí ó bá ṣì ṣàn, ẹ gbé e padà sórí iná láìdé e, kí ẹ máa rò ó títí ṣíbí á fi fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ ní ìdí ìkòkò.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jóná, òkè rẹ̀ ṣì tutù. Kí ló fà á?

Iná yín pọ̀ jù, tàbí páànù yín fẹ́lẹ́ jù. Ojú gáàsì inú ọkọ̀-ilé kéré, àárín páànù nìkan ló ń bá jà. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń gbé sórí iná kí ooru lè tàn káàkiri; owó díẹ̀ ni, ó sì tọ́ sí i. Bí kò bá sí, ẹ máa yí páànù díẹ̀díẹ̀ lórí iná ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mi ò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bá a mu tó ìdí páì.

Páì ńlá tí a ń fi ọ̀bẹ gé ni èmi fẹ́. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe, ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni Omnia, ohun èlò tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Sweden fún orí sítóòfù. Apá mẹ́ta ló ní: àwo irin ní ìsàlẹ̀, abọ́ alumíníọ̀mù tó ní ihò láàárín, àti ọmọrí tó ní ihò wẹ́wẹ́. Ooru á gba ihò àárín yẹn gòkè, á tàn sábẹ́ ọmọrí, á sì kan òkè oúnjẹ. Oru á máa gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ jáde. Ó fúyẹ́, kò sì gba àyè. Páì tó bá jáde níbẹ̀ á rí bí òrùka, èèpo òkè rẹ̀ kì í sì pọ́n tó ti ófùnù gan-an, ṣùgbọ́n á gbẹ, á sì jinná. Bí wọ́n ṣe ń tà á, kò wà fún sítóòfù induction (èyí tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì mú ìdí ìkòkò gbóná).

Ìkejì ni ìkòkò ńlá tó wúwo tó ní ọmọrí. Ẹ gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ kékeré sí ìdí rẹ̀, tàbí kí ẹ ká fọ́ìlì bí okùn kí ẹ fi ṣe òṣùká, kí agolo páì má baà kan ìdí ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò náà gbóná lófìfo fún ìṣẹ́jú 10 lórí iná kékeré kí ẹ tó gbé páì sí i. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, ẹ máa ṣí i, kí ẹ nu omi tó wà lábẹ́ ọmọrí kúrò, kí ẹ sì dé e padà kíá. Ẹ má lo ìkòkò tí wọ́n fi ohun tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ bò nínú fún èyí: ìbòrí yẹn máa ń bàjẹ́ tí ooru bá ti ju 260°C lọ, èéfín rẹ̀ kò dára fún èèyàn, ìkòkò tó ṣófo lórí iná sì tètè ń dé ibẹ̀.

Ìkẹta ni ìkòkò irin tó nípọn, èyí tí wọ́n ń kó èédú lé lórí. Ìta gbangba nìkan ni a ti ń lò ó. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èédú á wà lórí ọmọrí, ìdá kan á wà lábẹ́. Nínú gbogbo ọ̀nà tí kì í ṣe ófùnù, òun nìkan ló ń pọ́n òkè páì bí ó ti yẹ, nítorí pé iná wà lókè lóòótọ́. Àléébù rẹ̀ ni ìwúwo, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ẹrù tí òfin gbà fún ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré.

Ṣé mo lè yan èèpo lọ́tọ̀, kí n wá pa á pọ̀ mọ́ ohun inú rẹ̀ nínú àwo?

Ìyẹn gan-an ni mo máa ń ṣe jù. Ẹ gé fùláwà tí a ti yí róbótó, ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri kó má baà wú, ẹ tẹ́ ẹ sínú páànù gbígbẹ láìfi òróró sí i. Ìṣẹ́jú 4 sí 5 fún ojú kan lórí iná kékeré. Á gbẹ, á pọ́n, á sì máa ró pàpà lẹ́nu. Ẹ bu ọbẹ̀ ẹran tó ki sínú àwo jíjìn, ẹ gbé èèpo náà lé e ní àkókò tí ẹ bá fẹ́ jẹun gan-an. Àwọn kan máa ń sọ pé kì í ṣe páì nìyẹn, pé ọbẹ̀ tó dé fìlà ni. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò wọn, ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí tí mo ti ṣe lórí gáàsì, èyí ni èèpo rẹ̀ dára jù, torí kò fi ìṣẹ́jú kan bá oru omi gbé.

Páì tí a fi pòtétò gígún bò ńkọ́?

Ó rọrùn ju ti fùláwà lọ. Ẹ se ẹran lílọ̀ nínú páànù títí á fi ki. Ẹ se pòtétò, ẹ ro omi rẹ̀ dáadáa, ẹ gún un pẹ̀lú bọ́tà. Ẹ mọ ọ́n pẹlẹbẹ, ẹ dín in nínú páànù kejì títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fi pọ́n, kí ẹ wá dojú rẹ̀ dé orí ẹran náà, kí apá tó pọ́n wà lókè.

Ṣé páì wà tí a kò ní tan iná rárá fún?

Ó wà. Ẹ fọ́ bisikíìtì gíráàmù 200 wẹ́wẹ́, ẹ pò ó mọ́ bọ́tà yíyọ́ gíráàmù 100 (iná díẹ̀ péré nìyẹn), ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú abọ́, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí kan. Wàràkàṣì rírọ̀ tí a pò mọ́ ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa wọ inú rẹ̀. Ẹ ṣe é sínú abọ́ tó ní ìdérí tó há, torí ọkọ̀ máa ń já sí kòtò.

Mo ní air fryer. Ṣé kò ti parí?

Tí iná mọ̀nàmọ́ná bá tó, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, torí ófùnù kékeré tó ní fáànù ni air fryer jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó ki í bọ iná. Púpọ̀ nínú wọn ń fa láàárín 1,200 sí 1,700 wáàtì. Ní ibùdó ọkọ̀-ilé tí iná rẹ̀ jẹ́ fólítì (volt) 230, ojú iná tó jẹ́ amp 6 kò lè gbé ju 1,380 wáàtì lọ, amp 10 ń gbé 2,300, amp 16 ń gbé 3,680. Tí ẹ bá wà lórí amp 6 tí air fryer ń ṣiṣẹ́, tí ẹlòmíràn wá tan kẹ́túlù, iná á já.

Ti bátìrì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun èlò tó ń fa 1,500 wáàtì láti ara bátìrì fólítì 12 ń fa amp 125, kó tó kan ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ. Bátìrì lithium tó jẹ́ 100 Ah (tó lè gbé amp 100 fún wákàtí kan) kò ní tó ìṣẹ́jú 48 kó tó gbẹ pátápátá, ti lead-acid kò tilẹ̀ yẹ kó lọ ju ìdajì lọ kí ó má baà bàjẹ́. Nítorí páì kan, ẹ lè sùn nínú òkùnkùn.

Gáàsì mi kì í jó dáadáa nígbà òtútù. Kí ló ń ṣe é?

Oríṣi gáàsì ìdáná méjì ló wọ́pọ̀, butane àti propane; ó ṣeé ṣe kó jẹ́ butane ló wà nínú sílíńdà yín. Butane kì í di afẹ́fẹ́ mọ́ tí ooru bá ti sún mọ́ 0°C, á wà ní omi nínú sílíńdà, iná á sì máa kú lọ. Propane kò ní ìṣòro yìí títí dé nǹkan bíi -42°C. Ẹni tó ń rìn nígbà òtútù, propane ni kó lò.

Àwọn ewu wo ni kí n ṣọ́ra fún?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, kódà bí ẹ bá fo gbogbo ìyókù.

Ẹ má gbé èédú wọ inú ọkọ̀ láé, tàbí inú àgọ́ tí wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, kódà nígbà tí ẹ bá rò pé ó ti kú. Èédú tó ń jó àti èyí tó ń kú lọ ń tú carbon monoxide jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lójijì ló sábà máa ń mú èèyàn ṣe àṣìṣe yìí: wọn kò fẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò, wọ́n á gbé e wọlé. Ẹ jẹ́ kó ṣòfò. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí gáàsì yìí bá wà nínú ọkọ̀, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnì ìdánwò rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Bákan náà, ẹ má fi ojú gáàsì yá iná nítorí òtútù.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń lọ gbá jọ sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lu ihò sí ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́bàá ibi ìdáná. Atẹ́gùn tútù ń gba ibẹ̀ wọlé, mo sì mọ̀ pé ó ń wuni láti fi aṣọ dí i. Ẹ má dí i. Tí ẹ bá ń dáná, ẹ ṣí fèrèsé òrùlé; oru oúnjẹ àti oru iná gáàsì fúnra rẹ̀ á jáde, ògiri ọkọ̀ kò ní máa sun omi.

Ọmọrí gíláàsì tó bo ojú gáàsì, ẹ má pa á dé nígbà tí iná ṣì wà tàbí tí irin ṣì gbóná, ó lè fọ́ yángá-yángá. Tí òróró bá gbiná nínú páànù, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí dé e, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí á fi tutù. Ẹ má da omi sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì dáná nígbà tí ọkọ̀ ń lọ.

Ó ti rẹ̀ mí, ilẹ̀ ti ṣú, mi ò lè po fùláwà. Kí ni kí n sè?

Ẹ lo ìkòkò kan. Pásítà kò nílò omi púpọ̀ tí a máa dànù: ẹ da omi tó kàn bò ó, tòmátì inú agolo, àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ máa rò ó títí omi á fi di ọbẹ̀. Kúsúkúsù yá ju ìyẹn lọ: omi gbígbóná lé e lórí, ẹ dé e, ìṣẹ́jú 5, ó ti ṣe. Lẹ́ńtì pupa (irú ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan) kì í gba rírẹ sómi, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ó ti rọ̀. Ẹyin dídín pẹ̀lú ohunkóhun tó ṣẹ́kù nínú fíríìjì kì í jáni kulẹ̀.

Tí ebi fùláwà bá ṣì ń pa yín, ẹ pò ó díẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun tó ń mú un wú, bọ́tà àti wàrà, ẹ fi ṣíbí bù ú sórí ọbẹ̀ tó ń hó, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 20 láìṣí i. Oru omi tó ń ba èèpo páì jẹ́ ló ń ṣe èyí lóore.

Ìkòkò tó ń fi agbára oru sè ńkọ́? Àti èyí tó ń pa ooru mọ́?

Mi ò lè rìn láìsí ọ̀kan nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ máa ń mú kí ooru inú rẹ̀ tó nǹkan bíi 120°C, ẹ̀wà àti ẹran líle á tètè rọ̀, gáàsì díẹ̀ sì ni á jẹ. Ti kejì, ẹ á se oúnjẹ kó hó fún ìṣẹ́jú 15, ẹ á gbé ìkòkò náà sínú agolo ńlá rẹ̀ tó ń pa ooru mọ́, oúnjẹ á máa jinná lọ fún wákàtí púpọ̀ láìsí iná. Ẹ̀wà pupa tó rí bí kíndìnrín yàtọ̀ o: májèlé wà nínú rẹ̀ ní tútù, ooru kékeré kò sì lè pa á. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 5 ó kéré tán, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fi omi mìíràn sè é kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 30 kó tó wọ inú agolo yẹn. Ẹ̀wà yìí tí a rà nínú agolo lọ́jà ti jinná tẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀.

Páì tó ṣẹ́kù, báwo ni mo ṣe lè tọ́jú rẹ̀?

Kó má pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níta. Tí inú ọkọ̀ bá gbóná ju 32°C lọ, wákàtí kan. Fíríìjì ní láti wà ní 4°C tàbí kó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi tẹmọ́mítà kékeré sínú rẹ̀, torí fíríìjì ọkọ̀ kì í fìgbà gbogbo tutù tó bí ẹ ṣe rò. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e kaná, kí àárín rẹ̀ gbóná dé 74°C: páànù gbígbẹ, iná kékeré, ọmọrí fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ ṣí i ní ìparí. Máíkíròwéèfù á gbé inú rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ á rọ̀.

A lọ sórí òkè, pòtétò kọ̀, kò jinná. Ṣé gáàsì ni?

Rárá, omi ni. Bí ẹ bá ṣe ń gòkè tó, bẹ́ẹ̀ ni omi ń tètè hó, ìwọ̀n ooru tó fi ń hó ń dín ní nǹkan bíi 1°C fún mítà 300 kọ̀ọ̀kan. Ní mítà 3,000, nǹkan bíi 90°C ni omi á ti máa hó, kò sì ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi àkókò kún un, tàbí kí ẹ lo ìkòkò agbára oru. Páànù kò mọ̀ bóyá ẹ wà lórí òkè, nítorí náà èèpo páì á pọ́n bó ṣe ń pọ́n nílẹ̀.

Omi mi kò tó fọ gbogbo abọ́ yìí.

Ẹ fi bébà nu ọ̀rá kúrò nínú páànù nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí omi tó kàn án. Omi gbígbóná ago kan àti ọṣẹ díẹ̀ á fọ ìyókù. Bébà ọlọ́ràá yẹn, inú àpò ìdọ̀tí ni kó lọ, kì í ṣe inú ihò omi, nítorí ọ̀rá á dì sínú táǹkì omi ìdọ̀tí, á sì máa rùn.